Páálí Orí Fèrèsé

Ogún ọdún gbáko ni ìyàwó Káfíńtà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe pákó aláṣọ sórí fèrèsé pálọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo irin kọ́tìnì. Káfíńtà ti kàn án fún ilé olówó, ó ti kàn án fún báǹkì. Tilé tirẹ̀ ni kò kàn. "Ó dọ̀la" lorin rẹ̀. Ọ̀la ò dé títí obìnrin náà fi kú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i lọ́sàn-án Sátidé. Káfíńtà wo irin kọ́tìnì tó ti dípẹtà, ojú tì í. Láàárọ̀ Sátidé ó rẹ́ pákó, ó lẹ fóòmù mọ́ ọn, ó sì ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá òun wá aṣọ nínú ẹrù ìyá rẹ̀.

Páálí gígùn kan lọmọ náà fà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó, gọ́ọ̀mù sì ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ èyí?"

Ó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, obìnrin náà gbé e wá sí pálọ̀ tayọ̀tayọ̀: "Bàbá wọn, mo ti bá yín dín iṣẹ́ kù!" Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ Káfíńtà, wà níjòókòó. Káfíńtà ní, "Kí lèyí? Ṣé pósí alángbá ni? Kò tilẹ̀ dé etí fèrèsé!" Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé páálí rẹ̀ wọ yàrá. Ẹyin lohùn. Káfíńtà ò mọ ibi tí tirẹ̀ fọ́ sí, àfi lónìí.

Ọmọ náà yí páálí padà. Ìlà pẹ́ńsù wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Káfíńtà ya ọwọ́ rẹ̀ lé àárín ìlà méjì, ọwọ́ náà tóbi jù.

"Gbé ọwọ́ tìẹ wá."

Ti ọmọ ṣe rẹ́gí, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọwọ́ ni màámi fi wọ̀n ọ́n! Kí ló dé tí wọn ò lo tépù yín?"

 Òfin ilé náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tépù Káfíńtà. Òun ló ṣòfin.

Ó gbé pákó tuntun ti ògiri, ó gun àga, ó sì kan páálí náà sókè.

Nígbà tí àlejò dé, tí wọ́n kí i tán, Akunlé tó wà láàárín wọn gbójú sókè. "Ọ̀gá Káfíńtà, iṣẹ́ ta nìyí? Àbí àwọn ọmọ-ọmọ ló ń ṣeré?"

Bíríkìlà ti dá a mọ̀, ó dorí kodò. Ì bá rọrùn fún Káfíńtà láti kàn mi orí pé àwọn ọmọ ni. Ó dìde dúró.

"Ìyàwó mi ló ṣe é. Ọwọ́ ló fi wọ̀n ọ́n, torí n ò jẹ́ kó fọwọ́ kan tépù mi. Nígbà tó ṣe é tán, mo fi ṣẹ̀sín."

 Bíríkìlà ṣí fìlà rẹ̀. Oòrùn ń gba àlàfo kékeré tó kù létí fèrèsé wọlé, ó sì bọ́ sórí pákó tuntun tó fara ti ògiri.