Ìyípo Tí Kì Í Ṣe Òfo

Inú kíláàsì wa ni mo wà, ṣùgbọ́n omi ni ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àga dúró lórí omi náà, wọn kò rì. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ omi ń yí wẹ́rẹ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi igi rò. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Oyèṣínà, lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ọsàn fún mi bí ó ti máa ń ṣe tó bá ń kọ́ mi ní ìṣirò. Mo mọ̀ pé ó ti kú. N kò sọ ọ́, kí ó má baà lọ.

"Jírọ́lá, kí ló dé tí o kọ òdo síbẹ̀?"

Mo wo ìwé mi. Ìṣirò íńtígírà ni: kí a tọ ọ̀nà kan yípo, kí a wá iye iṣẹ́ tí agbára ibẹ̀ ṣe lára ẹni tó ń rìn ín.

"Bọ̀dá, ibi tí a ti gbéra náà la padà sí. Kò sí ohun tó kù."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ìyípo kan sójú omi. Ìlà náà kò parẹ́.

"Wo inú rẹ̀. Ro gbogbo yíyí kéékèèké tó wà lójú omi yìí pọ̀. Lẹ́yìn náà, tọ etí rẹ̀, kí o ro ohun tí o bá pàdé lọ́nà. Iye kan náà lo máa rí."

Mo rò ó lọ́nà méjèèjì. Wọ́n bára mu, wọn kì í sì í ṣe òdo.

"Bí nǹkan kan ò bá yí níbẹ̀, òdo ni," ó rọra wí. "Ṣùgbọ́n èyí ń yí."

Ó gbé ọsàn lé mi lọ́wọ́. Ó tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ dúró."

"Jẹ ọsàn ẹ."

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, ìyá mi ń gbálẹ̀ lóde.

Odidi ọdún kan ni mo fi kúrò ní yunifásítì láti tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi, títí àìsàn tó jẹ́ kí ó rù fi mú un lọ. Yunifásítì ní kí n padà wá sí kíláàsì tí mo ti kúrò, mo sì ti pinnu pé n kò lọ mọ́; ọdún yẹn ti ṣòfò lójú mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń rọ omi sí i lẹ́nu, bí ó ṣe ń di ọwọ́ mi mú bí ìrora bá dé. Èwo ló jẹ́ òdo níbẹ̀?

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. "Màmá, mo rí Bọ̀dá lójú àlá. Mò ń padà sí iléèwé."

Ọwọ̀ dúró lọ́wọ́ wọn. Wọn kò béèrè ohun tó sọ.

"Ṣé ara ẹ̀ ti padà?"

"Ó ti padà, Màmá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá.