Yinlam Nídìí Kìnnìún

Nínú ijó kìnnìún tí wọ́n fi ń ṣọdún tuntun ní Ṣáínà, ẹni méjì ló ń wọ aṣọ kìnnìún kan: ọ̀kan gbé orí, ó ń yọjú lẹ́nu rẹ̀, èkejì wà nídìí. Ẹni tó ń jó kìnnìún láti ẹ̀yìn kì í rí nǹkan kan. Á tẹ̀ kòlòbà sábẹ́ aṣọ, á fọwọ́ di ìgbànú ẹni tó gbé orí mú, ó parí. Iṣẹ́ tí Ọ̀gá Hoh, tó ń kọ́ wọn níjó, gbé fún Yinlam nìyẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Orí ló sì wù ú dé mùdùnmúdùn. Ìyá rẹ̀ ń rán bàtà nílé iṣẹ́ kan ní Dongguan, ìlú tó jìnnà, ọdún tuntun nìkan ló ń wálé. Yinlam ti sọ fún un lórí fóònù pé, "Màámi, èmi ni orí o. Ẹnu kìnnìún lẹ ti máa rí mi." Irọ́ gbuu. Ó rò pé òun á ti gba orí kọ́dún tó dé ni. Apẹ̀rẹ̀ ló ń gbé sórí jó lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà, eékún rẹ̀ méjèèjì bó yánmayànma, kò yéé jó.

Ọ̀gá Hoh ní, "Itan ẹ le. Tóo bá lọ sórí, ta ló máa gbé ẹ fò? Ṣé Kitfung tó rí bí igi ìgbálẹ̀ yìí?"

"Ẹ jẹ́ ó wà nídìí jàre," ni Kitfung, ọmọ tó ń gbé orí, wí. "Ojú ẹ̀ náà kọ́ la fẹ́ wò."

Ọdún dé. Iṣẹ́ pọ̀ ní Dongguan, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún ìyá Yinlam. Kó tó wọlé, àwọn oníjó ti jáde láàárọ̀, wọ́n ń jó kiri láti ilé dé ilé. Nígbà tí kìnnìún fi máa dé ẹnu ọ̀nà wọn, mọ́tò tó máa gbé ìyá padà ti ń fọn fèrè lóríta.

Lábẹ́ aṣọ, Yinlam gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹnu kìnnìún, ó ń bá Kitfung sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó rò pé ọmọ òun ni: "Yinlam, má bínú, wọ́n ń dúró dè mí. O mà ti ga o. Ṣé o ń jẹun dáadáa?"

Kìnnìún kì í sọ̀rọ̀. Kitfung rọra mi orí sókè sódò.

Ó ku díẹ̀ kí Yinlam nàró kó ké pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kìnnìún tó bá já sí méjì lẹ́nu ọ̀nà, oríire onílé ló já yẹn, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ wọ mọ́tò. Ó tẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ju ìrù bí ẹni pé apá rẹ̀ fẹ́ yọ.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ta ló wà nídìí yìí? Ó mọ̀ ọ́n jó gan-an. Ẹ bá mi kí ìyá ẹ̀ o."

Ó sì lọ bá mọ́tò.