Máìkì Kejì

Ẹni tó bá rò pé olórin tó ń dá ṣe tirẹ̀ ń jayé, kó wá bá mi gbé ẹrù lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo ń gbé gìtá, èmi ni mo ń gbé àga tí mo ń jókòó lé, èmi náà ni mo ń lẹ bébà mọ́ ògiri pé orin wà níbí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi náà ni mo sì ń lọ já a kúrò kí onílé má baà bú mi. Àwọn ibi tí mo ti ń ṣeré ò fẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìtàwé, ilé tíì, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó bá ti ti àwọn àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti kọrin fún èèyàn mẹ́rin rí, ọ̀kan nínú wọn sì ń hanrun. Mi ò bínú sí i, ó kúkú jókòó títí mo fi parí.

Àwa méjì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà mi ò kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, àfi bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kékeré ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mo ga jù ú lọ. Èmi ń ta gìtá, mo sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Òun ń kọ ohùn òkè. Máìkì tèmi wà lápá òsì, tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Àdéhùn kan sì wà láàárín wa láti ìgbà tí a ti ń fi orin dí màmá wa lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná: ìlà tó gbẹ̀yìn orin kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni. Bí a bá ti dé ibẹ̀, màá gbọ́wọ́ kúrò lára gìtá, màá panu mọ́, òun nìkan á wá fi ohùn rẹ̀ parí orin náà. Nínú gbogbo orin tí a kọ pọ̀, mi ò kọ ìlà ìparí ẹyọ kan rí.

Ó ní òrùka irin kan tí kì í bọ́ lọ́wọ́. Bí a bá ti ṣeré tán, á fi òrùka náà kan ọ̀pá máìkì rẹ̀. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣe dáadáa nìyẹn. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi ti yẹ̀ níbì kan, a ó tún un kọ lọ́la. Àwọn èrò máa ń rò pé ara orin ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sábà máa ń gbọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í yin èèyàn lásán. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, mi ò ní lè sùn nítorí ayọ̀.

Ibà ló mú un. A rò pé ibà tí gbogbo ayé ń ṣe náà ni. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi lọ. Màmá wa fúnra wọn ló fi òrùka náà sí i níka kí wọ́n tó gbé e lọ, ojú mi ló ṣe. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bóyá òrùka náà wà lápò ẹnì kan.

Ojú tó ń sunkún ṣì ń ríran. Nígbà tó yá, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, torí mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó máa ń to ẹ̀rọ fún wa ni mo ké sí, ẹgbẹ́ mi kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wáyà, nítorí ó máa ń fi wáyà kọ́rùn lọ kọ́rùn bọ̀ bí ẹni pé wúrà ni.

"Máìkì mélòó?" ló bi mí.

"Méjì."

Ó wò mí. "Ta ló fẹ́ lo ìkejì?"

"Ṣé mo ní kí o bi mí ni? Gbé e síbẹ̀, kí o sì ṣí i."

Kì í ṣe pé mo ń ṣe agídí. Bí mi ò bá rí máìkì yẹn lápá ọ̀tún mi, mi ò ní mọ ibi tí mo dúró sí. Nígbà tí mo sì dé ìlà ìparí, mo gbọ́wọ́ kúrò, mo panu mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo jẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo títí ìlà náà fi kọjá, mo wá tẹríba. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe níbi gbogbo. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un.

Ilé ìtàwé ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn eré, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, wá kí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń bá yín gbe orin yẹn, níbo ló jókòó sí? Ohùn rẹ̀ wọ̀ mí lára."

Mo ní èmi nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin olórin, ẹ ò lè fi àwàdà sílẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ òru ló ti kó àárẹ̀ bá a.

Nílé tíì, onílé ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n yéé fi ẹnì kejì mi pa mọ́, ẹni tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ yẹ kó jáde kí aráyé rí i. "Ìlà tó dá kọ gbẹ̀yìn yẹn," ló wí, "orí mi wú."

Ìlà tó gbẹ̀yìn kẹ̀, tí mi ò kọ, tí ẹnikẹ́ni ò kọ.

Inú mi kì í pẹ́ ru, mo mọ ara mi. Wáyà ni mo lọ bá. Mo ní bó bá jẹ́ òun ló ń fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi ṣeré láti inú ẹ̀rọ, èmi àti ẹ̀ á na ara wa tán lọ́jọ́ yẹn. Ó rọra ká wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wá tọ́ka sí ẹ̀rọ rẹ̀. Lára ẹ̀rọ náà, máìkì kọ̀ọ̀kan ní iná aláwọ̀ ewé kékeré kan tó máa ń tàn bí ohùn bá wọ ibẹ̀.

"Iná kejì ń tàn," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn. Mo rò pé o mọ̀, pé ìdí ẹ̀ nìyẹn tí o fi ń ní kí n ṣí i."

Ó ti gba eré ọjọ́ yẹn sílẹ̀. A jókòó ti sípíkà, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ gìtá mi. Mo gbọ́ ohùn mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn mi, mi ò gbọ́ nǹkankan. Nígbà tó dé ìlà ìparí, ilé náà dákẹ́ létí mi. Mo wo Wáyà, ó ti di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ tẹ̀lé orin tí mi ò gbọ́. Omi jáde lójú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìlara ló mú mi jù. Gbogbo ayé ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi, àfi èmi. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, tó kàn yà wá mu tíì, ń gbọ́ ọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n ṣáà lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé àga mi sún mọ́ apá ọ̀tún. Mo kọrin tí mo fi ẹ̀yìn kọ èrò, tí mo fi etí ti sípíkà. Pàbó ni. Lọ́jọ́ kan, bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde, mo fọwọ́ kan orí máìkì kejì. Ó tutù, ó ń sun omi, bó ti máa ń rí bí èèyàn bá ti fẹnu sún mọ́ ọn kọrin pẹ́. Mo gbọ́ òórùn súìtì míńtì tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń lá kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ. Mo jókòó ti ọ̀pá náà títí onílé fi ní òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni ohùn tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń sọ pé ẹnì kejì mi bò mí mọ́lẹ̀. Wáyà gbé ohùn mi sókè títí kò fi ní ibi tó tún lè gbé e dé, síbẹ̀ iná tèmi ń ṣẹ́jú ṣáá. Nígbà tó yá, kò mọ sórí ìtàgé mọ́. Mo pe oníbúrẹ́dì, kò gbọ́. Mo gbé fóònù, ẹni tó pè mí ń sọ pé "hẹ́lò, hẹ́lò," ó sì pa á. Dókítà ní kí n yanu, ó tan iná síbẹ̀, ó ní ọ̀fun mi ò ní nǹkankan. Mi ò ní ilé, mi ò lọ́kọ, mi ò kọ́ṣẹ́ kan. Ohùn ni mo ní, òun ló sì ń yọ́ lọ yìí.

"Jẹ́ kí n yọ máìkì yẹn," Wáyà wí.

"Dán an wò," ni mo wí. Ó ní kí n tún un sọ, òun ò gbọ́.

Màmá wa ò dé ibi eré wa mọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń gé àlùbọ́sà, mo dúró lẹ́yìn wọn, mo pè wọ́n títí. Ìgbà tí wọ́n yíjú padà tí wọ́n rí mi, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ó ti pẹ́ tí o ti wà níbẹ̀? Kí ló gbé ohùn rẹ?"

Mo fa àga sún mọ́ wọn, mo ro gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọn ò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ta ló ń kọ ìlà ìparí báyìí?"

"Mo ń fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n padà sídìí àlùbọ́sà wọn. Wọ́n gé e tán, wọ́n ní, "Màá wá ní Sátidé."

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ la lò ní Sátidé yẹn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé lójú fèrèsé, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ń ti ìsàlẹ̀ wá. Màmá jókòó síwájú pátápátá, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan. Láti orin kìíní ni ojú wọn ti kúrò lára mi, ó lọ sápá ọ̀tún. Wọn ò ṣẹ́jú. Ẹnu wọn ń mì díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò.

Nígbà tó ku orin kan, wọ́n dìde. Kò kàn wọ́n pé orí ìtàgé ni mo wà. Wọ́n wá bá mi, wọ́n tẹ̀ sí mi létí.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ta ni, Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ohùn rẹ̀ ti ha. Ó ń wá ibi tí yóò ti mí, kò rí. Ìwọ lò ń pè é, ọmọ mi. Ṣé o ti rí i kí ọmọ yẹn gbọ́ orin tí kò parí, kó sì dákẹ́ rí? Parí orin rẹ fúnra rẹ, kó lè lọ sinmi."

"Bí mo bá parí ẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n tún gbé báàgì wọn lé itan.

Mo ta gìtá. Mo kọ orin náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ mi. Nígbà tí ìlà ìparí dé, ọwọ́ mi gbéra kúrò fúnra rẹ̀. Gbogbo ojú yí sápá ọ̀tún. Mo rò ó pé kí n jẹ́ kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo wo ojú màmá mi. Mo dá ọwọ́ padà sórí okùn gìtá, mo yanu.

Ìlà náà ga. Òun ló ṣe é fún ohùn ara rẹ̀, kò rò tèmi mọ́ ọn. Ohùn mi kọ́kọ́ jáde bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì, lẹ́yìn náà ó wọlé, ó kún yàrá náà. Mo gbọ́ ara mi nínú sípíkà, ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà pípẹ́. Níbi ọ̀rọ̀ tó ga jù, ohùn mi yẹ̀. Mo fi tipátipá parí rẹ̀. Orin náà tán.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn èrò ń wò káàkiri bí ẹni tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ti di ojú.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Irin kan irin, lápá ọ̀tún mi, lára ọ̀pá máìkì. Kò sẹ́ni tó yíjú síbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Mo dúró de ìkejì. Mo dúró títí Màmá fi la ojú. Mo wo Wáyà. Ó ní iná kejì tàn fìrì, ó kú. Ẹ̀rín wá pa mí, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà, nítorí òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ohùn mi yẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí sínú máìkì kejì. "Màá tún un kọ lọ́la."

Èmi fúnra mi ni mo yọ wáyà rẹ̀. Máìkì kan ni mo ń béèrè báyìí, àárín gan-an ni mo sì ń dúró. Mo ti kọ́ ìlà yẹn, mo ti ń kọ ọ́ dáadáa, ohùn mi kì í yẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ti kọ ọ́ tán, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó tẹríba.