Ohun Tí Àǹtí Tuntun Sọ Níwájú Kíláàsì

Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ti wọ ilé-ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ló sọ ọ́ ní Àǹtí Tuntun, orúkọ náà sì bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí i lára. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ló rán an wá, pé kó wá fi ojúlówó kíláàsì dánra wò fún sáà kan. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Bó bá béèrè ìbéèrè, gbogbo wọn ló ti mọ ìdáhùn. Ó rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ là á lójú. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ tó kún yàrá fọ́fọ́, ó ya ẹnu, ohùn kò jáde. Àwọn ọmọ ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n. Ẹnì kan sín níwájú, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ó di pé kò sẹ́ni tó lè kápá wọn mọ́. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ gun orí àga, ó ń ya ẹnu láìsọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ sọ̀tún sósì bí olùkọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bí kì í bá ṣe òun ni wọ́n ń sín jẹ, Àǹtí Tuntun ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn kíláàsì náà, tí wọ́n ń kó àga tó ti kán àti máàpù tó ti gbó sí. Ibẹ̀ ló sá wọ̀, ó fi ìborùn dí ẹnu, ó sunkún. Ibẹ̀ náà ni Màmá Ṣọ́ọ̀kì bá a.

Màmá Ṣọ́ọ̀kì ló ni kíláàsì yẹn gan-an, abẹ́ rẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fi Àǹtí Tuntun sí. Obìnrin gìdìgbà kan ni tí kì í kánjú, tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Bó bá wúkọ́ lásán lẹ́nu ọ̀nà, ariwo kíláàsì a rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n gbé omi híhó kúrò lórí iná.

"Ta ló kú?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ẹkún ta lò ń sun nígbà náà? Jókòó, ọmọ mi." Ó fa àga kan tí kò ní ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, ó fi ti ògiri, ó sì rọra jókòó sórí òmíràn tó ń ké lábẹ́ rẹ̀. "Kò sí olùkọ́ tí àwọn ọmọ yìí ò fojú rẹ̀ rí màbo rí. Èmi tí o ń wò yìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ fara pa mọ́ sí lọ́jọ́ tèmi. Sọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ fún mi. Ikùn mi jìn ju kànga lọ. Ohun tó bá já síbẹ̀, ó já síbẹ̀ nìyẹn."

Àǹtí Tuntun bá tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti kékeré, bí ojú bá ti pọ̀ lára òun, ọ̀fun òun a dì. Ó ní bóyá iṣẹ́ yìí kọ́ ni Ọlọ́run yàn fún òun, bóyá kí òun tètè lọ wá òmíràn ṣe. Màmá Ṣọ́ọ̀kì gbọ́ ọ títí dé òpin, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fún un.

"Má ṣe pariwo lé wọn lórí lọ́la," ló wí. "Ẹni tó bá ń pariwo, ariwo lọmọ ń gbọ́, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wàá rí i, wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè mọ ohun tí ò ń sọ."

Àmọ̀ràn náà sì jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀fun Àǹtí Tuntun ń tú. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin tó máa ń sín in jẹ ló wá ń bá a ru àpò. Àǹtí Tuntun délé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ìyá rẹ̀, aránṣọ, pé òun ti rí ìyá kejì níbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá kejì dára," ló ní. "Ṣáà máa rántí pé èmi ni mo rọbí."

Nínú kíláàsì náà, ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Adákẹ́. Ìwé rẹ̀ mọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún régé ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kì í nawọ́ sókè láé. Nígbà ìsinmi ọ̀sán kan, ó dúró láti bá Àǹtí Tuntun nu pátákó. Àǹtí ní kó ka ìlà tó gbẹ̀yìn sókè kó tó nù ún. Ọmọ náà dúró. Ó rọra gbé aṣọ ìnupátákó sílẹ̀.

"Àǹtí, mi ò lè kà á."

"Ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ báyìí?"

"Mi ò kọ ọ́. Mo ń yà á ni." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Bí ẹni ń ya àwòrán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ìyá mi pàápàá ò mọ̀."

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan," ni Àǹtí Tuntun wí, ó sì ti inú rẹ̀ wá.

Láti ọjọ́ yẹn, bí àwọn ọmọ yòókù bá ti sáré jáde lọ ṣeré, àwọn méjèèjì a wọ yàrá ìkẹ́rù, wọn a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Adákẹ́ a máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ pa èyí tó bá ti mọ̀ rẹ́.

Ó wá kan ọjọ́ tí olùbẹ̀wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé. Bàbá kan tó gbó díẹ̀ ni, ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, Màmá Ṣọ́ọ̀kì sì jókòó tì í. Ìṣirò ìdá ni Àǹtí Tuntun fẹ́ kọ́ wọn. Ó gbé búrẹ́dì kan jáde, ó gé e sí méjì, ó tún gé e sí mẹ́rin, ó ń béèrè pé ta ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù. Kíláàsì gbóná. Wọ́n ń jiyàn lórí ìdajì àti ìdá mẹ́rin bí àgbà tó ń jiyàn lórí ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Nígbà tó parí, ó pín búrẹ́dì náà fún wọn, ó sì ń retí kí wọ́n kí i.

Olùbẹ̀wò pè é síta, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ rẹ dùn mọ́ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ni mo wá wò. Wọ́n ní kì í rí báyìí lójoojúmọ́. Wọ́n ní inú yàrá ìkẹ́rù yẹn lo máa ń wà láàárọ̀, tí ò ń sunkún, pé àwọn ló ń bá ọ di kíláàsì mú. Wọ́n ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé iṣẹ́ yìí ò yẹ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àǹtí Tuntun yíjú wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Màmá Ṣọ́ọ̀kì dúró síbẹ̀, ó ń gbọn ẹ̀rúnrún búrẹ́dì kúrò lára ìró rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Màmá Ṣọ́ọ̀kì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bíi ti ọjọ́ tó nu ojú fún un.

Àǹtí Tuntun ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ó fẹ́ sọ pé ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kí wọ́n lọ bi àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ti tú yẹn tún dì pa. Olùbẹ̀wò dúró dè é títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Mo ti gbọ́." Ó mi orí, ó lọ, Màmá Ṣọ́ọ̀kì sì sìn ín dé ẹnu géètì.

Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ló kàn. Àǹtí Tuntun padà wọlé, etí rẹ̀ ń hó. Àwọn ọmọ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu wọn, inú wọn ń dùn. Lẹ́bàá fèrèsé, Adákẹ́ ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Adákẹ́! Ó mú èépá búrẹ́dì dání, ó ń fi sọ ẹni tó jẹ ìdajì àti ẹni tó jẹ ìdá mẹ́rin, ó sì rẹ́rìn-ín sókè ketekete, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nínú yàrá yẹn.

Ẹ̀rín yẹn ló bá Àǹtí Tuntun níbi tó ti ń ta á.

"Ìwọ!" Ohùn náà jáde, ó le, ó dún dé òpin yàrá. "Ìwọ tí o ò lè ka ẹyọ ìlà kan, tó jẹ́ yíyà lò ń yà á, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín!"

Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Kò lè kàwé?" Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Adákẹ́ ò sunkún. Ó gbé èépá búrẹ́dì náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì tẹjú mọ́ Àǹtí Tuntun, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ ẹni tó dúró níwájú òun.

Nígbà tí ilé-ìwé ṣíwọ́, Àǹtí Tuntun dúró de Màmá Ṣọ́ọ̀kì.

"Mà, ẹ sọ fún wọn."

"Kí ni mo sọ?"

"Ohun tí mo bá yín sọ nínú yàrá yẹn. Ẹ ní ikùn yín jìn."

Màmá Ṣọ́ọ̀kì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Inú ò bí i. "Irọ́ ni mo pa?" ló béèrè. "Ṣé o ò sunkún níbẹ̀ ni, àbí o ò sọ pé iṣẹ́ ò yẹ ọ́? Wọ́n bi mí, mo dáhùn."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò sunkún mọ́, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi tí mo fi dákẹ́."

Màmá Ṣọ́ọ̀kì jókòó, ó ń wo ìta. "Hẹ́dímásítà pè mí," ló wí. "Ó ní bí o bá yege, òun á tọrọ rẹ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí o wá gba kíláàsì yìí. Kí èmi lọ máa nu imú fún àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ti wà nínú yàrá yìí kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ò tó kí n dìde lórí ìjókòó mi fún ọ."

"Ẹ ì bá sọ fún mi. Mi ò béèrè kíláàsì yín."

"O ò béèrè lóòótọ́. Wọ́n ṣáà fẹ́ gbé e fún ọ ni."

Àǹtí Tuntun ti kó èébú jọ sẹ́nu, ṣùgbọ́n "Irọ́ ni mo pa?" yẹn há a lọ́fun bí egungun ẹja. Òun náà ò parọ́ mọ́ Adákẹ́.

Nílé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò yọ tọmọ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. "Wọ́n dà ọ́, ó dùn ọ́, mo rí i," ló ní. "Lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Aṣọ tó ya, mo lè rán an, àmọ́ ojú ibi tó ti ya á máa hàn. Ìyẹn ò ní ká má rán an."

Lọ́jọ́ kejì, àyè ẹ̀bá fèrèsé ṣófo. Ó tún ṣófo lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àǹtí Tuntun béèrè ilé, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Adákẹ́ ti ń dirun fún un. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ irun sínú ike.

"Orí ló ní ó ń fọ́ òun," ni onídìrí náà wí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí oníbàárà. "Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?"

Àǹtí Tuntun rántí pé ìyá yìí ò mọ̀. Bó bá ṣàlàyé ohun tó wá bẹ̀bẹ̀ fún, ó tún tú àṣírí ọmọ náà nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, láàárín irun tó kún ilẹ̀.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, mà. Ẹlòmíràn ló múnú bí mi, mo sì bú u níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò jẹ̀bi kankan. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Kí ni ẹ fi bú u?"

Adákẹ́ gbójú sókè. Àǹtí Tuntun wò ó.

"Ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi ni, mà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Onídìrí náà wo olùkọ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó pòṣé, ó padà sídìí irun. Adákẹ́ ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ó padà wá sílé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí Tuntun bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ó sì ní ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín, òun ni kó wá rẹ́rìn-ín sí. Láàárọ̀, Màmá Ṣọ́ọ̀kì ṣì ń pè é ní ọmọ mi. Òun náà a kúnlẹ̀, a ní "Ẹ káàárọ̀, mà," ọ̀rọ̀ a sì tán. Máàkì tó gbà nígbẹ̀yìn kò burú, kò sì dára. Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí sáà náà parí nígbà tí Adákẹ́ wọ yàrá ìkẹ́rù fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó pè é. Kò jókòó. Ó ṣí ìwé, ó nàka sábẹ́ ìlà kan, ó sì kà á, ó ń fà á bí ẹni ń fa omi, títí ó fi kà á tán.

Inú Àǹtí Tuntun dùn débi pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ọmọ náà sún sẹ́yìn.

"Ta lẹ máa sọ fún?" ló béèrè.

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà yẹn," ni Adákẹ́ wí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta.