Àwọn Akàn Tó Gbé Ìkòkò Mi Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìyàwó mi ti bínú lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ni mo bá ń fúnra mi se akàn lójú àlá. Omi tútù ni mo kó wọn sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, wọ́n ní kí n mú ọṣẹ wá, mo sì mú un wá. Wọ́n wẹ̀ tán, wọ́n jáde, wọ́n gbé ìkòkò rù, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èmi náà ń fẹ̀gbẹ́ rìn tẹ̀ lé wọn.

Ìyàwó mi wo inú ìkòkò. “Bàbá Wàsíù, ta ní ń fi omi tútù se akàn tó wà láàyè?”

“Èmi ni, Ìyá Wàsíù. Wá kọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun orí ìdérí ìkòkò, ó ní kí wọ́n máa gbé òun lọ sílé. Bí a ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà wa báyìí ni mo jí.