Àpótí Verlin àti Táyà Alága

Ẹ bá mi wo àpótí kan. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ó wúwo bí ọlọ ata, ó ní fèrèsé kékeré lójú, ó sì ní ọwọ́ irin kan létí tí èèyàn ń yí. Bí o bá yí i, ìwé á yọ lójú fèrèsé, á bi ọ́ ní ìbéèrè. O kọ èsì. O tún un yí, èsì gidi á yọjú: o gbà á, tàbí o ò gbà á. Kì í gbé ẹgba, kì í mu kọfí, kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi ń kéde káàkiri Ohio lọ́dún 1961 pé iṣẹ́ tíṣà ti tán nílẹ̀.

Verlin Stuckey ló ń kọ ohun tí àpótí náà ń sọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n ní kó máa fi sinimá kọ́ àwọn sójà bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe. Lẹ́yìn ogun, ó di ẹni tó ń rẹ́ ẹ̀kọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, kí ó má baà há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Ilá ọ̀hún dùn lẹ́nu ẹni tó rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé ìwé mẹ́rin ti tu ú dànù, ọ̀gá rẹ̀ ní Cleveland sì ti fa ojú ro.

Ọ̀gá ní, “Stuckey, bí alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé Marlow Fork kò bá buwọ́ lùwé lónìí, má wulẹ̀ padà wá. Fi àpótí ránṣẹ́.”

Àpótí ni kó padà o, kì í ṣe èèyàn!

Marlow Fork yìí gan-an ni wọ́n bí Verlin sí. Bí ó ṣe gbé ẹrù rẹ̀ wọ kíláàsì, ta ló rí tó ká apá mọ́ àyà, tó dúró ti pátákó? Hulda Krantz, tíṣà tó kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ ṣì lè mú kí ọmọ ilé ìwé rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì dá.

“Verlin, ọmọ Stuckey alágbẹ̀dẹ! Páálí pákó yìí ló fẹ́ gba àga mi?”

“Ẹ káàsán, Tíṣà. Ó kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Bí ológbò ṣe ń ran eku lọ́wọ́.”

Orval Dietrich, alága ìgbìmọ̀, àgbẹ̀ àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀, jókòó láàárín àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà oko. Ó fọwọ́ lu tábìlì. “Mi ò gbọ́ àròyé. Kí àpótí kọ́ ẹnì kan ní ohun tí onítọ̀hún kò mọ̀ rárá, níṣojú mi. Ìwọ Stuckey, o ò gbọdọ̀ la ẹnu. Tíṣà, kí ni ẹ ò mọ̀?”

Hulda ronú títí. Ó jọ pé ìbéèrè náà ṣàjèjì sí i. “Mi ò pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rí.”

Inú Verlin dùn, ó fẹ́ẹ̀ fò! Ẹ̀kọ́ táyà wà nínú báàgì rẹ̀, ìwé méjìlélọ́gọ́ta gbáko. Ó kó o sínú àpótí, Hulda jókòó, ó yí ọwọ́ irin.

“Jáàkì la fi ń gbé ọkọ̀ sókè,” ni ìwé kìíní wí. “Kí la fi ń gbé ọkọ̀ sókè?” Hulda kọ ọ́: jáàkì. Ó gbà á. “Sípánà la fi ń tú nọ́ọ̀tì. Kí la fi ń tú nọ́ọ̀tì?” Ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ń yí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gbà á, títí ó fi gba méjìlélọ́gọ́ta nínú méjìlélọ́gọ́ta. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Alága fa gègé ìkọ̀wé yọ. Verlin ti ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ létí pé, “O káre, Stuckey!”

Gègé ti kan ìwé tán kí alága tó gbé orí sókè. “Àní, táyà pikọ́ọ̀pù mi kan ti ń jò láti àárọ̀. Tíṣà, ẹ jẹ́ ká jáde.”

Wọ́n jáde. Irinṣẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà yamùyamù.

“Tíṣà, ẹ mú jáàkì fún mi.”

Hulda dúró ṣinṣin, ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Jáàkì la fi ń gbé ọkọ̀ sókè.”

“A ti gbọ́. Ẹ mú un.”

Ó wo irin yìí, ó wo irin tọ̀hún, ó na ọwọ́, ó sì gbé garawa oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀rín bú! Gègé padà sápò.

“Kí lẹ ń rín?” ni Hulda jágbe. “Mo gba gbogbo ẹ̀!”

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ Verlin: akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ̀bi, bó bá ṣubú, ẹni tó kọ ẹ̀kọ́ ló gbẹ́ kòtò. Àìmọye ìgbà ló ti fi òfin yìí fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ta ló tíì dán ẹ̀kọ́ táyà wò? Òun àti ọ̀gá rẹ̀ nìkan, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà láti ìgbà èwe. Ahọ́n ń yún un kó sọ pé arúgbó ni ìyá náà. Ó gbé e mì. Ó ṣí fìlà.

“Tíṣà, níbo ni mo ti sọ yín nù?”

“Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀! Èsì wà lókè, mo kàn ń dà á kọ sísàlẹ̀. Nígbà tí o máa ń jí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ẹ wò, kí ni mo ń ṣe fún ọ?”

“Ẹ máa ń ní kí n dúró ní kọ̀rọ̀, kí n kọjú sógiri.”

“Kí lò ń dúró dè?”

Níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀, ọkùnrin ọmọ ogójì ọdún lọ kọjú sí ògiri ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ó gbé ìwé lé ògiri, ó fa pẹ́ńsùlù yọ. “Alága, ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Dietrich tú páì ápù tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un. “Kí n tó jẹ èyí tán.”

Verlin ń kọ, Hulda ń bú u láti ẹ̀yìn. “Kí n tú nọ́ọ̀tì, apá ibo? Ṣé aríran ni mí? Ya irin náà, kí n rí i!” Ó yà á. Nínú ẹ̀kọ́ tuntun yìí, kò sí àlàfo tí èèyàn ń fi èsì dí mọ́. Di èyí mú, fọwọ́ kan tọ̀hún, tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí páì tán, ìwé méjìlélọ́gọ́ta ti di mọ́kàndínlógún. Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Hulda yí ọwọ́ irin, ó ka ìwé kìíní sókè:

“Wá ohun tó wúwo, tó sì le, tó sún mọ́ ọ jù lọ. Fi há ẹ̀yìn táyà tó dáa, kí ọkọ̀ má baà yí lọ.”

Ó wo òsì: koríko. Ó wo ọ̀tún: ewé gbígbẹ. Ó wá wo iwájú rẹ̀.

Ó ṣí àpótí, ó kó ìwé inú rẹ̀, ó gbé àpótí ńlẹ̀, ó di ẹ̀yìn táyà!

Verlin la ẹnu.

“Ẹnu ẹ!” ni alága wí. Verlin fi fìlà bò ó.

Hulda ń ka ìwé, ó ń ṣe é. Ó rí jáàkì lójú ẹsẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ó gbé ọkọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni àgbàlá yẹn. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn, gbì! Àpótí ké, ráú! Fèrèsé fọ́, ọwọ́ irin yí gbirigbiri lọ sínú koríko. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró. Hulda kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé táyà kan kúrò, ó gbé òmíràn sí i, ó dé ìwé ìkẹyìn: “Dìde, nu ọwọ́. O ti mọ̀ ọ́n.” Ó dìde, gíríìsì ní imú.

Alága wa ọkọ̀ yí ilé ìwé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo èérún pákó. “Stuckey, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí àpótí ẹ tó ṣiṣẹ́. Ìwé wọ̀nyí, ṣé wọ́n nílò àpótí?”

Verlin wo pákó. Ó rántí Cleveland.

“Rárá, alága.”

“Ó dáa. Ìwé ni mo máa buwọ́ lù, ẹ má gbé àpótí wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àyàfi tí Tíṣà Krantz bá ti kọ́kọ́ kùnà nínú rẹ̀.”

“Èmi tí mo fẹ́ lé e lọ?” Hulda na imú gíríìsì sókè. “N ó kùnà dáadáa. Mi ò kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀.”

Verlin sáré wọ ọ́fíìsì, ó gbé tẹlifóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní Cleveland.

“Wọ́n ti buwọ́ lù ú, sà.”

“Ọlọ́run ṣeun! Àpótí mélòó?”

“Kò sí, sà. Ìwé lásán ni wọ́n gbà.”

“Ìbuwọ́lùwé ni ìbuwọ́lùwé ń jẹ́. Máa bọ̀. Àpótí tiwa ńkọ́?”

“Ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, sà. Wọ́n ń gbá a jọ lọ́wọ́.”

Kò tíì gbé tẹlifóònù kalẹ̀ tí ohùn kan fi la fèrèsé wọlé:

“Verlin! Ta ló ní kí o kúrò ní kọ̀rọ̀?”