Iyanrìn Orí Koríko Oníke

Láti ìgbà tí MmaThuso ti wá gbé lọ́dọ̀ Thuso ọmọ rẹ̀ ní Gaborone, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ kó ṣe ni gbígbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n wá tẹ́ koríko oníke síbẹ̀ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè máa gbá tẹ́níìsì, ó rọra di ẹrù láti padà sí Serowe, ìlú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò níṣẹ́ nínú ilé, àlejò ni.

Lówùúrọ̀ tó fẹ́ máa lọ, ó rí i pé iyanrìn wà káàkiri orí koríko náà. Ojú tì í. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a mọ́ tónítóní, ó sì kó iyanrìn jọ sẹ́nu géètì.

Thuso jáde, ó figbe ta. "Mama! Iyanrìn yẹn ló ń di koríko mú! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà á síbẹ̀ ni!"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ìdọ̀tí sí àgbàlá rẹ, ìwọ náà sì ń wò wọ́n níran?"

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ́ koríko náà dé, ó bú sẹ́rìn-ín. "A óò tún un dà, Mama. Ìgbálẹ̀ la fi ń tì í wọnú koríko, ẹnì kan á sì máa gbá a bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè."

Thuso wo àpò ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Mama, èmi ò mọ ìgbálẹ̀ í mú o."

"Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni?" Ó ti ki ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀. "Gbé àpò yẹn padà sí yàrá mi. Kí gbogbo yín sì bọ́ bàtà kí ẹ tó gun koríko mi."